Ológò, Èmú àti Ìgbẹ́sẹ̀lé Ẹrù Ẹlẹ́rù ní Ìbàdàn Àtijọ́

Bí ọkùnrin kan bá yá owó, tí ó sì fi aago ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí ó yá a lówó, a ó sọ pé ó fi aago náà dógò. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó gbọ́ Yorùbá. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ mìíràn wà fún un tí ó ti ń parẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Ní Ìbàdàn láàrin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kì í ṣe aago tàbí aṣọ nìkan ni ó ń dógò. Ènìyàn pàápàá a máa dógò. A ó rán an lọ sí ilé onígbèsè, yóò dógò tì í, kò sì ní í kúrò níbẹ̀ títí a ó fi san gbèsè náà. Ológò ni a ń pe onítọ̀hún. Nínú iṣẹ́ ológò yìí, àti nínú àṣà kejì tí ó fara jọ ọ́, èyí tí a ń pè ní èmú, ni a ti lè rí bí àwọn ará Ìbàdàn àtijọ́ ṣe dáhùn ìbéèrè kan tí ó ṣòro nínú òfin ohun-ìní: ìgbà wo ni fífi ọwọ́ lé ẹrù ẹlẹ́rù jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, ìgbà wo ni ó sì jẹ́ ẹ̀tọ́?

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ ológò, ó yẹ kí a rántí pé òye tí Yorùbá ní nípa ohun tí í ṣe ti ẹlòmíràn jinlẹ̀. Ẹni tí ó ṣẹ́ igi ìdáná jọ sínú igbó, tí kò lè rù ú tán lọ́jọ́ náà, yóò fi ààlè lé e. Ààlè náà lè jẹ́ àkísà, ó lè jẹ́ ìkarahun ìgbín, ṣùkù àgbàdo tàbí ìgbálẹ̀ tí ó ti gbó. Ohun yòówù kí ó jẹ́, ó ń sọ fún ẹni tí ń kọjá lọ pé igi yìí ní ẹni tí ó ni ín. Ní ẹ̀bá ọ̀nà, ìyá arúgbó a máa pàtẹ iṣu tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀, a fi òkúta wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti fi iye owó rẹ̀ hàn, a sì bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ sí oko. Ẹni tí ó bá fẹ́ rà yóò mú èyí tí ó wù ú, yóò sì ka owó ẹyọ sílẹ̀ dípò rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbé iṣu tí kò sì fi owó sílẹ̀, olè ni. Kò sí àríyànjiyàn nínú èyí.

Ibi tí àríyànjiyàn wà ni ọ̀ràn ẹni tí kò jalè, ṣùgbọ́n tí ohun ẹlòmíràn wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́nà tí kò tọ́. Ẹ jẹ́ kí a wo alágbàfọ̀ tí ó wọ agbádá oníbàárà rẹ̀ lọ sí ibi ìnáwó, tí ó sì fọ̀ ọ́ padà kí ó tó dá a fún ẹni tí ó ni ín. Ẹ wo alágbẹ̀dẹ tí a gbé ọkọ́ fún pé kí ó tún un ṣe, tí ó tà á. Ẹ wo ọ̀rẹ́ tí a fi ẹrù pa mọ́ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, tí ó ní òun kò ní í dá a padà nígbà tí a wá béèrè rẹ̀. Ẹ sì wo olówó tí ó já wọ ilé ẹni tí ó jẹ ẹ́ ní gbèsè, tí ó fa ewúrẹ́ rẹ̀ jáde ní gbangba. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò jọ ara wọn. Èkíní lo ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Èkejì sọ ọ́ di tirẹ̀. Ẹ̀kẹta dá a dúró. Ẹ̀kẹrin gbà á ní tipátipá, ó sì ní ẹ̀tọ́ òun ni òun gbà. Ẹ̀kẹrin yìí ni ó da Ìbàdàn láàmú jù lọ.

Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Nǹkan bí ọdún 1829 ni àwọn jagunjagun láti Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá fi Ìbàdàn ṣe ibùdó, ibùdó náà sì di ìlú. Ìlú tí ogun tẹ̀dó, orí àwìn ni ó dúró lé. Olóyè tí ń lọ sí ogun nílò ìbọn àti ẹ̀tù. Etíkun ni wọ́n ti ń wá, ọwọ́ àwọn oníṣòwò ni wọ́n sì ń gbà kọjá. Nígbà púpọ̀, àwìn ni olóyè yóò rà á, pẹ̀lú ìrètí pé bí ogun bá ṣẹ́, òun yóò fi ẹrú àti ìkógun san án. Àwọn ọmọ ogun tí wọ́n wà lábẹ́ rẹ̀ náà a máa yá owó láti ra ohun ìjà, láti gbé ìyàwó, láti ṣe òkú bàbá wọn. Ẹni tí kò ní ohun tí yóò fi dógò lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà, kí iṣẹ́ tí ìwọ̀fà náà ń ṣe lójoojúmọ́ máa dúró fún èlé. Ní Ọjà'ba, tí a fi orúkọ Ìba Olúyọ̀lé pè, Baṣọ̀run tí ó kú ní 1847, gbogbo owó wọ̀nyí ni ó ń pàdé: owó aṣọ, owó oúnjẹ, owó ẹ̀tù, àti owó ènìyàn. Kò dára kí a fi èyí bò mọ́lẹ̀. Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa dúkìá ní Ìbàdàn àtijọ́, ènìyàn wà lára ohun tí a ń pè bẹ́ẹ̀, àwọn náà sì kọ́ ni a ń bi léèrè bí ẹnìkan bá gbẹ́sẹ̀ lé wọn.

Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, kí ni olówó yóò ṣe bí onígbèsè bá kọ̀ tí kò san? Sámúẹ́lì Johnson, ẹni tí bàbá rẹ̀ mú wá sí Ìbàdàn ní kékeré láti bá ìjọ Hinderer ṣiṣẹ́, fi àkọsílẹ̀ tí ó kún fún ẹ̀rín àti ìbínú sílẹ̀ nípa ológò nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó kọ parí ní 1897, tí a kò sì tẹ̀ jáde títí di 1921, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ohun tí ó kọ fi hàn pé ológò kì í ṣe ènìyàn lásán. Ọ̀dọ̀ aláṣẹ ni olówó ti ń gbà á. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi ọwọ́ kan ológò, ara aláṣẹ tí ó rán an ni ó fi ọwọ́ kàn.

Iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti bà ilé jẹ́. Yóò wọlé onígbèsè ní òwúrọ̀ kùtù, yóò fi ìdí kalẹ̀ sínú yàrá rẹ̀. Bí onígbèsè bá ń lọ sí oko, yóò bá a lọ. Bí ó bá ń lọ sí ẹ̀yìnkùlé, yóò tẹ̀ lé e. Bí àlejò bá wá kí i, ológò ni yóò kọ́kọ́ dáhùn, èébú ni yóò sì fi dáhùn. A kì í yan onítìjú sí iṣẹ́ yìí. Ẹni tí ara rẹ̀ balẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, tí ìbínú ẹlòmíràn kò sì tu irun kan lára rẹ̀, ni ó ń ṣe é. Yóò béèrè oúnjẹ tí ó wù ú, bí ó ti wù kí ó wọ́n tó. Bí wọ́n bá fi falẹ̀, yóò mú adìẹ tí ó rí ní àgbàlá, yóò pa á, yóò sì sè é jẹ. Ewúrẹ́ pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Báyìí ni yóò ṣe lónìí, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe lọ́la, títí ara ilé yóò fi gbà pé sísan gbèsè náà yá ju kí àwọn máa bọ́ ológò lọ.

Ṣùgbọ́n ìlànà kan wà tí kò gbọdọ̀ ré kọjá, ìlànà yìí gan-an ni ó sì yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fiyè sí jù. Ológò lè jẹ ohun tí ó bá nínú ilé, ó lè lò ó, ó lè sùn lórí ẹní rẹ̀. Kò gbọdọ̀ gbé ohunkóhun jáde. Adìẹ tí ó pa sí àgbàlá onígbèsè, ẹ̀tọ́ ni. Bí ó bá di adìẹ kan náà mọ́ abẹ́ aṣọ gba ẹnu ọ̀nà kọjá, ó ti di olè. Èyí lè pa ènìyàn ẹlòmíràn lẹ́rìn-ín, nítorí pé adìẹ náà kò sí láyé mọ́ ní ọ̀nà méjèèjì. Síbẹ̀ òye tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò ṣeé fi rẹ́rìn-ín. A kò rán ológò láti fi ẹrù onígbèsè dí gbèsè náà. Oúnjẹ tí ó jẹ kò dín owó ọ̀rọ̀ náà kù ní ẹyọ kan. Ìtìjú àti ìnira ni a rán an láti gbé wọlé, kí onígbèsè lè fúnra rẹ̀ wá owó náà jáde. Bí a bá gba ológò láàyè láti máa gbé ẹrù lọ, ta ni yóò díwọ̀n iye ẹrù náà? Ta ni yóò sọ pé ó ti tó? Àwọn àgbà tí wọ́n fi ìlànà náà lélẹ̀ mọ̀ pé láàárín kí a lo ohun olóhun àti kí a sọ ọ́ di tẹni, ẹnu ọ̀nà ilé ni ààlà.

Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń yin àṣà yìí bí ọgbọ́n àwọn baba wa tí kò ní àbàwọ́n. Wọ́n ní kò sí ẹ̀wọ̀n nínú rẹ̀, kò sí ìtàjẹ̀sílẹ̀, owó sì jáde. Òtítọ́ ni, dé àyè kan. Ohun tí wọn kò wò ni ẹni tí ó ni adìẹ. Agbo ilé kan ní Bẹẹrẹ tàbí ní Ọjà'ba lè ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdílé nínú. Adìẹ tí ó ń jẹ ní àgbàlá lè jẹ́ ti ìyàwó àbúrò onígbèsè, ewúrẹ́ lè jẹ́ ti opó tí ó wà ní ìkángun agbo ilé. Wọn kò yá owó, wọn kò dúró fún ẹnikẹ́ni, ológò sì ń jẹ tiwọn. Èyí kì í ṣe àṣìṣe nínú àṣà náà. Òun gan-an ni agbára rẹ̀. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní í jẹ́ kí a sùn lóru. Òfin ológò sọ òwe yìí di ohun tí a fi ojú rí: ó mú kí ẹni tí kò jẹ gbèsè bínú sí ẹni tí ó jẹ ẹ́, kí baálé ilé lè pe ìpàdé, kí ẹbí sì dáwó. Ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n orí ohun-ìní aláìṣẹ̀ ni ó ti ṣiṣẹ́.

Bí a bá na ìwà yìí gùn kọjá odi ìlú, a ó bá èmú pàdé. Láàrin ìlú sí ìlú, kò sí aláṣẹ kan tí ó lè rán ológò. Bí ará Ìbàdàn bá tajà fún ará ìlú mìíràn tí onítọ̀hún kò sì san, olówó náà lè dúró de ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ìlú onígbèsè wá sí ọjà, kí ó mú un, tàbí kí ó gba ẹrù orí rẹ̀, kí ó sì ránṣẹ́ sí ìlú náà pé bí owó òun kò bá dé, òun kò ní í tú u sílẹ̀. Ẹni tí a mú lè má mọ onígbèsè náà rí. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò ju pé ìlú kan náà ni ó bí wọn. Gbogbo etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni ó mọ irú àṣà yìí. Àwọn òyìnbó oníṣòwò ń pè é ní panyarring, láti inú ọ̀rọ̀ àwọn Potogí tí ó túmọ̀ sí kí a gba nǹkan ní ìdógò. Àwọn náà kì í sì í ṣe aláìmọwọ́mẹsẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí pé àwọn pàápàá a máa ṣe é.

Àwọn kan ti da ológò àti èmú pọ̀ bí ẹni pé ohun kan náà ni wọ́n. Gbòǹgbò kan náà ni wọ́n ní, pé ẹbí tàbí ìlú ló ń ru ẹrù gbèsè ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ àárín wọn ṣe pàtàkì. Aláṣẹ ni ó rán ológò. Alèmú rán ara rẹ̀. Ológò kò gbọdọ̀ gbé ẹrù jáde. Gbígbé ẹrù lọ gan-an ni iṣẹ́ alèmú. Ilé onígbèsè ni ológò jókòó sí, níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i; ojú ọ̀nà ni alèmú dúró sí. Lójú ọ̀nà, ta ni yóò sì fi ìyàtọ̀ hàn láàárín alèmú àti ọlọ́ṣà? Ẹni tí a gba ẹrù rẹ̀ yóò ní olè ni, ẹni tí ó gbà á yóò ní gbèsè ni, ìlú méjèèjì yóò sì gbè sẹ́yìn ọmọ wọn.

Ìtàn ogun ọ̀rúndún náà kún fún irú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí obìnrin olówó kan tí ń jẹ́ Àbú kú ní Ìjánà láìsí àrólé, Aláàfin ní ti ààfin ni ogún rẹ̀, Kúrunmí Ààrẹ Ìjàyè sì ní òun kò gbà; Johnson ka ìjà orí ogún náà mọ́ ohun tí ó fa ogun Ìjàyè ti 1860 sí 1862, ogun tí Ìbàdàn fi pa Ìjàyè run. Èyí tí ó tẹ̀ lé e burú jù. Nínú àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí Ìbàdàn ṣẹ́gun, a fi àwọn ajẹ́lẹ̀ sí ibẹ̀ láti máa ṣojú àwọn olóyè Ìbàdàn. Ajẹ́lẹ̀ àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ a máa mú ewúrẹ́ tí ó wù wọ́n, a máa gba ẹmu, a máa gba iṣu, a sì máa fi ọwọ́ kan ìyàwó ilé. Bí a bá wò ó dáadáa, ológò tí kò ní gbèsè kan tí ó wá gbà ni ajẹ́lẹ̀. Ológò a máa dìde lọ́jọ́ tí owó bá pé. Ajẹ́lẹ̀ kò ní ọjọ́ tí yóò dìde. Ní 1878, Fábùnmi ní Òkè-Ìmẹ̀sí dìde, ó pa àwọn ènìyàn ajẹ́lẹ̀, àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà sì parapọ̀. Ogun Kírìjì tí ó tẹ̀ lé e kò dáwọ́ dúró títí di ìgbà àdéhùn 1886, àwọn ọmọ ogun kò sì tú ká nínú ibùdó títí di 1893.

Nínú ìlú Ìbàdàn fúnra rẹ̀, ìbéèrè kan wà tí òfin ológò kò lè dáhùn: ta ni yóò dógò ti ẹni tí ń rán ológò? Ìtàn Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà ni ó fi èyí hàn kedere. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ mọ̀ ọ́n láti inú eré onítàn tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, níbi tí ó ti hàn bí ìkà tí kò láàánú ẹrú. Ó dára kí a ka ìtàn náà lọ́nà mìíràn pẹ̀lú. Ẹfúnṣetán jẹ́ oníṣòwò tí ọrọ̀ rẹ̀ kò láfiwé ní ìlú náà. Johnson sọ pé àwọn ẹrú tí ó ní ní oko nìkan tó nǹkan bí 2,000. Àwọn òpìtàn òde-òní, tí Bọ́láńlé Awẹ́ wà lára wọn, ti tọ́ka sí i pé ó ń fún àwọn olóyè ní ohun ìjà ní àwìn, pé ó sì wá fà sẹ́yìn nígbà tí ó rí i pé ogun Ààrẹ Látòóṣà kò lópin. Lójú oníṣòwò, kò sí ohun tí ó burú nínú kí a má tà ní àwìn mọ́ fún ẹni tí kò san ti àná. Ẹní yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje.

Ní 1874, Látòóṣà ka ẹ̀sùn sí i lọ́rùn. Ó ní kò bá òun lọ sí ogun, kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí òun ní ojú ogun, kò sì jáde wá pàdé òun nígbà tí òun padà dé. Kò sí ẹ̀sùn kan nínú wọn tí ó sọ pé Ìyálóde gba ohun ẹlòmíràn. Gbogbo wọn ni ó dá lórí ohun tirẹ̀ tí kò gbé sílẹ̀. A gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀, a sì bu ìtanràn lé e. Ó san án, ìyẹn kò sì gbà á. Ní òru ọjọ́ kan nínú ọdún náà, àwọn ẹrú rẹ̀ pa á nínú yàrá rẹ̀, ọwọ́ Ààrẹ sì wà nínú ọ̀ràn náà. Obìnrin tí ó lè rán ológò sí ilé ẹnikẹ́ni láàrin àwọn mẹ̀kúnnù kò rí ẹni tí yóò rán sí ilé Látòóṣà. Òfin tí ó ní ààlà dáradára ní ẹnu ọ̀nà ilé aláìlágbára kò ní ilẹ̀kùn kankan ní Òkè-Ààrẹ.

Ìyípadà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Ògún 1893, nígbà tí àwọn olóyè Ìbàdàn fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó. Ọ̀gágun Bower di Àjẹ́lẹ̀ òyìnbó àkọ́kọ́ (àwọn ará ìlú kò wá orúkọ mìíràn jìnnà fún irú ipò bẹ́ẹ̀). Ọkọ̀ ojú irin dé ní 1901, àwọn oníṣòwò láti Èkó àti láti òkè òkun bá a dé, gbèsè sì di púpọ̀ ju ti ìgbà ogun lọ. Àwọn kóòtù ìbílẹ̀ wá dìde, àwọn olóyè ni wọ́n sì kọ́kọ́ jókòó bí adájọ́ níbẹ̀. Ní 1929 a ṣí gbọ̀ngàn Màpó sórí òkè tí ó kọjú sí Bẹẹrẹ àti Ọjà'ba. Láti ìgbà náà ni òkè Màpó ti di ibi tí àwọn ará ìlú ń tọ́ka sí bí wọ́n bá ń sọ pé àwọn yóò gbé ara wọn lọ sí kóòtù.

Ohun tí kóòtù ṣe ni pé ó pín iṣẹ́ ológò sí méjì. Àkódà ni ó ń mú ìwé ìpè lọ sí ilé onígbèsè. Kì í jókòó, kì í jẹun, kì í búni. Bí ẹjọ́ bá sì dá onígbèsè lẹ́bi tí kò san, a lè kó ẹrù rẹ̀ jáde, kí a lù ú ní gbànjo, kí a mú iye gbèsè nínú owó náà, kí a sì dá èyí tí ó ṣẹ́kù padà fún un. Ẹ kíyè sí i pé èyí yí òfin àtijọ́ po pátápátá. Ohun tí a kà léèwọ̀ fún ológò, kí a gbé ẹrù gba ẹnu ọ̀nà jáde, ni a fi àṣẹ fún kóòtù. Ohun tí a fi àṣẹ fún ológò, kí ó jẹ adìẹ ilé láìdíwọ̀n, ni a kà léèwọ̀ fún gbogbo ènìyàn. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, ẹrù onígbèsè nìkan ni a lè fọwọ́ kàn. Opó tí ó wà ní ìkángun agbo ilé lè jáde wá báyìí kí ó sọ pé, ‘Èmi ni mo ni ewúrẹ́ yìí,’ ó sì di dandan kí a gbọ́ tirẹ̀.

Ìwà ológò kò kúkú parẹ́ lẹ́sẹ̀ kan náà. Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún, àwọn Ìjẹ̀ṣà tí ń ta aṣọ ní àwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá gba orúkọ òṣómàáló, nítorí pé bí ọjọ́ owó bá pé, wọn a ní òṣó ni àwọn yóò ló sí ẹnu ọ̀nà títí àwọn yóò fi gba owó àwọn. Wọ́n ní ẹnu ológò, ṣùgbọ́n wọn kò ní àṣẹ rẹ̀. Ẹni tí kò fún wọn ní oúnjẹ kò rú òfin kankan.

Òfin Gẹ̀ẹ́sì tí ó bá kóòtù wọlé ní orúkọ mẹ́ta fún ohun tí ó jọ ti àwọn mẹ́rin tí a kà ní ìbẹ̀rẹ̀. Ìkíní ni kí a fi ọwọ́ kan ẹrù ẹlẹ́rù tàbí kí a gbé e kúrò ní ààyè rẹ̀ láìgbàṣẹ, bí a kò tilẹ̀ bà á jẹ́. Ìkejì ni kí a hùwà sí i bí ẹni pé tiwa ni, bíi kí a tà á, kí a jẹ ẹ́, tàbí kí a fi fún ẹlòmíràn. Ìkẹta ni kí a dá a dúró lẹ́yìn tí ẹni tí ó ni ín ti béèrè rẹ̀. Nínú èyí, ẹni tí ó pẹjọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun béèrè, àti pé a kọ̀. Èkejì yìí le ju bí Yorùbá ti rò lọ. Àwọn àgbà ní ẹní gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ̀ pé epo àjà ni ni wọ́n ń bá wí. Lábẹ́ òfin Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó ra epo náà ní Ọjà'ba pẹ̀lú ọkàn mímọ́, tí kò mọ ibi tí ó ti wá, lè jẹ̀bi síbẹ̀ fún ẹni tí ó ni ín. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, òfin kan tí a ṣe ní 1977 pa orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ kẹta rẹ́, ó sì kó o mọ́ ìkejì. Òfin yẹn kò de Nàìjíríà, nítorí náà àwọn ilé ẹjọ́ ilẹ̀ yìí ṣì ń gbọ́ ẹjọ́ ìdádúró ẹrù lọ́tọ̀ bí ti àtijọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni èmú kò lọ jìnnà. Ẹni tí a jẹ ní gbèsè tí kò fẹ́ dúró de kóòtù a máa sáré lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá kí wọ́n bá òun gba ọkọ̀ tàbí ọjà onígbèsè, bí wọn kò bá sì bá a nílé, kí wọ́n mú ìyàwó rẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Léraléra ni àwọn adájọ́ ti sọ pé a kò dá ọlọ́pàá sílẹ̀ láti máa gba gbèsè. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ìṣàkóso ìdájọ́ ọ̀ràn dídá, tí ó jáde ní 2015, sọ ọ́ ní ẹsẹ 7 pé a kò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni dípò ẹni tí a fura sí, ó sì sọ ní ẹsẹ 8 pé a kò gbọdọ̀ mú ènìyàn nítorí àríyànjiyàn àdéhùn lásán. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 tún gbólóhùn kejì yìí sọ. Ẹni tí ó bá ka ẹsẹ 7 náà, tí ó sì mọ ìtàn Ìbàdàn, yóò mọ̀ pé èmú ni a ń bá wí níbẹ̀, bí a kò tilẹ̀ dá orúkọ rẹ̀.

Ní kóòtù ìbílẹ̀ Ọjà'ba àti Màpó, ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn oníròyìn ń gbé jáde láti ibẹ̀ ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n bí ìgbéyàwó bá ti tú ká tán, ọ̀rọ̀ ẹrù ni ó sábà máa ń kù. Ọkọ ti ilẹ̀kùn, ìkòkò àti ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó wà nínú ilé, aṣọ àwọn ọmọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Obìnrin náà yóò ní òun ti béèrè, ọkọ yóò ní òun kò kọ̀. Nígbà mìíràn, ilé ẹjọ́ a máa rán òṣìṣẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé obìnrin náà lọ. Òṣìṣẹ́ yìí yóò dúró ní ẹnu ọ̀nà nígbà tí a bá ń ka ẹrù náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tí í ṣe ti ìyàwó yóò jáde, ohun tí í ṣe ti ọkọ yóò dúró, òun fúnra rẹ̀ kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè omi mímu pàápàá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú ilé náà.